Ẹrù Ọwọ́ Kan

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, n kò fẹ́ yá owó. Iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí ó fi hù tán, tí ó funfun, tí ó sì tún ń já dànù. Iṣẹ́ náà kò ní yunifásítì. Bí ó bá ní, èmi ni ǹ bá jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀, orí àpò obì ni a ó sì máa jókòó sí kọ́ ẹ̀kọ́.

Orúkọ mi ni Làsísì Àdìsá, ọmọ bíbí Ẹdẹ. Ní gáréèjì, Làsísì Adirù ni wọ́n ń pè mí. Ìwé tèmi kò pọ̀. Mo kà á dé ibi tí tíṣà ti ní kí n pín máńgòrò kan fún ọmọ mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé máńgòrò náà wá ná. Tíṣà nà mí, mo sì bá ọ̀nà tèmi lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí tí ẹ ń kà yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ gbà pé ojú ọ̀nà ni kò dára.

Láyé ìgbà tí mò ń sọ, bọ́lẹ̀kájà onípákó ni ó ń kó èrò àti ẹrù. Obì ń ti Ẹdẹ lọ sí Òkè Ọya, àlùbọ́sà àti ẹ̀pà ń ti Òkè Ọya bọ̀. Èrò jókòó sí ìsàlẹ̀, ẹrù wà lókè orí wọn, okùn àti tapólì ni ó dá ẹ̀mí wọn sí. Dẹ̀rẹ́bà ń wakọ̀, kọ́ńdọ̀ ń gbowó, ṣùgbọ́n adirù ni ó mọ̀ bóyá àpò obì yóò dé Kánò, tàbí yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìdágbére.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi ti ṣaláìsí, ìyá mi sì ń ta gàrí. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, egungun rẹ̀ ni kí ẹ bá mi fi sílẹ̀.” Owó tí mo ń gbà ńkọ́? Ẹ má bi mí, kí n má baà fi omijé ba ìwé yìí jẹ́.

Bàbá Okùn ni gbogbo gáréèjì ń pe ọ̀gá mi. Wọ́n kúrú, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá so nǹkan, ó di síso. Wọ́n so ẹrù kan lọ sí Sókótó rí. Nígbà tí ọkọ̀ débẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí okùn náà tú. Àwọn ará Sókótó fi ọwọ́ tú u, wọ́n fi eyín tú u, ó sú wọn. Wọ́n dá ọkọ̀ náà padà sí Ẹdẹ tòun ti ẹrù, kí Bàbá Okùn wá tú u fún wọn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ béèrè ní Sókótó. Ọ̀nà kò jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi le. Bí a bá to ẹrù tán, tí òógùn ti wẹ̀ wá, wọ́n á gun òkè ọkọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹrù, wọ́n á wá gbé etí lé e bí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Làsísì, ẹrù yìí ń sọ̀rọ̀.”

“Bàbá, n kò gbọ́ nǹkan kan.”

“Nítorí pé ìwọ náà ń sọ̀rọ̀ ni. Tú u.”

A ó tú u, a ó tún un tò: èyí tí ó wúwo nísàlẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ lókè, ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á tún gbá a, wọ́n á tún gbọ́ ọ. Bí ẹrù bá dákẹ́ pátápátá, wọ́n á ní, “Ó ti sùn. Ẹrù tí ó bá sùn kì í jí lọ́nà.” Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ó sì pẹ́ kí n tó kọ́ ọ. Àtẹ́lẹwọ́ kan náà tí wọ́n fi ń gbá ẹrù ni wọ́n fi ń gbá mi lẹ́yìn ọrùn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Okùn ní òfin kan tí kò sí ní gáréèjì mìíràn. Wọ́n ní adirù tí kò mọ ẹrù ara rẹ̀ dì, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe bí ó bá ń di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọmọ iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba òmìnira gbọ́dọ̀ bá wọn lọ sí Kánò, kí ó sì bọ̀, pẹ̀lú ẹrù ọwọ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, wọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún gbé igbá ẹ̀kọ gbígbóná tí ó kún dé ẹnu, wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbé àpò rẹ, wọ́n á sì rìn láti abẹ́ igi òro ẹnu gáréèjì dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ̀kọ bá ta sílẹ̀, máa lọ sílé. Bí kò bá ta sílẹ̀, wọlé. Ìdajì ọ̀rọ̀ sì kù: láti ibẹ̀ títí ẹ ó fi padà, o kò gbọ́dọ̀ tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Ẹrù gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ṣaláìtó.

Ǹ bá fi ọdún mẹ́wàá sí i ṣe ọmọ iṣẹ́, n kì bá bìkítà, bí kì í bá ṣe Ṣìfáwù. Bàbá Ṣìfáwù ni télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn dojú kọ gáréèjì. Ṣìfáwù a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa bá bàbá rẹ̀ rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, mo lè gbé àpò obì méjì láìmọ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì pè mí.

“Làsísì, mo rí i pé bọ́tìnnì rẹ ń já lójoojúmọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Iṣẹ́ wa ni.”

“Irọ́ ni. Ìwọ ni ò ń já a. Gbọ́ mi: èmi kì í fi ọmọ fún ọmọ iṣẹ́. Akọ̀wé kòkó kan ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìwó wá síhìn-ín, ó ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí Iléyá bá dé, tí o kò tíì gba òmìnira, mo máa dá a lóhùn.”

Iléyá kò sì jìnnà mọ́. Ni mo bá lọ bá ọ̀gá mi pé ara mi ti yá fún Kánò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo di àpò mi dáadáa, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo lọ wẹ̀. Ìyá mi wọlé, wọ́n rí i. “Kánò tí àbúrò bàbá rẹ wà ni o fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo? Kí Àkànbí wá máa sọ pé a ti gbàgbé òun?” Wọ́n di èlùbọ́ sí i, wọ́n di gàrí sí i, wọ́n ki iṣu méjì bọ̀ ọ́, wọ́n fi ìgò epo há àárín. Nígbà tí ó dá wọn lójú pé kò lè gba nǹkan kan mọ́, wọ́n fi adìẹ kan kún un.

Bàbá Okùn gbé ẹ̀kọ wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì fa àpò. Àpò kò dìde. Wọ́n tún fà á, ó dìde, adìẹ kígbe nínú rẹ̀, ẹ̀kọ sì dà sí wọn lẹ́sẹ̀.

“Làsísì!”

“Bàbá!”

“Ṣé Kánò ni ò ń lọ ni, àbí ò ń kó kúrò nílùú?”

“Ìyá mi ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Kí ìyá rẹ wá gba òmìnira.”

Ọkọ̀ lọ, mo dúró. Kí n tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, Ṣìfáwù ti dìde, ó ti kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Adìẹ. Ará ilé ńkọ́? Wọ́n ti yé ẹyin bí?”

Nígbà kejì, mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Mo yọ́ jáde kí ìyá mi tó kírun tán. Bùbá kan àti orín pákò kan ni mo jù sínú àpò. Bàbá Okùn gbé e. Wọ́n wo ẹ̀kọ, wọ́n wo ojú mi.

“Ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀?”

“Ó wà, Bàbá.”

“Hẹ̀n-ẹ́n.”

Ẹ̀kọ kò mì rárá. Mo gun òkè ẹrù, mo ń jó nínú. Ẹ̀yin ọmọ, oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe oòrùn ayé yìí. Ó mú débi pé ẹyin tí obìnrin kan gbé dání jinná kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́. Eruku di ọ̀fun mi. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí ìyá àgbà kan tí ń mu omi nínú ike, omi náà ń dún gbúkú, gbúkú. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ta mí lómi.”

Iwájú ni ọ̀gá mi jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ̀rẹ́bà, ẹ́ńjìnnì sì ń ké bí ìyàwó tí wọ́n nà. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́. “Dẹ̀rẹ́bà, dúró. Làsísì, mu omi náà yó. Bí o bá mu ún tán, sọ̀ kalẹ̀.”

Ẹsẹ̀ ni mo fi bọ̀ wálé. Bàtà mi kú sí Òṣogbo, mo sì sin ín síbẹ̀.

Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀, nítorí pé n kò dágbére. Ṣìfáwù náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn ni ó sì dẹ́rù bà mí jù. Ó kàn sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń kọjá pé, “Làsísì, akọ̀wé náà ti ra bẹ́ẹ̀lì tuntun sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù kí Iléyá tó dé. Jọ̀wọ́, má tún gbé adìẹ.”

Mo lọ jókòó ti ìyá mi nídìí gàrí wọn. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: kí ni ẹ fẹ́ kí Bàbá Àkànbí gbà lọ́wọ́ mi gan-an? Ṣé iṣu ni?”

Wọ́n ní, “Ta ní ń wá iṣu? Kò sí iṣu ní Kánò ni? Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ilé kò gbàgbé wọn ni.”

“Ǹjẹ́ kò sí ohun tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, tí kò wúwo?”

Ojú ìyá mi mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ó rí abẹ́rẹ́ tí ó ti sọnù. Wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní oríkì Bàbá Àkànbí, èyí tí ìyá bàbá mi fi máa ń kì wọ́n ní kékeré, tí kò sí ẹni tí ó tún kì wọ́n mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá àgbà náà ti kú. Mo ń wọn gàrí, mo ń kì í. Mo ń so okùn, mo ń kì í. Ẹnu ni mo fi gbé ẹ̀bùn náà, kò sì wúwo ju itọ́ lọ.

Mo wá di àpò mi gẹ́gẹ́ bí adirù. Mo bi nǹkan kọ̀ọ̀kan léèrè pé, “Iṣẹ́ mélòó ni o mọ̀ ọ́n ṣe?” Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, mo ní kó wà nílé. Aṣọ ìbora wọlé, nítorí pé ó tún jẹ́ ẹní ìkírun, ó jẹ́ ìrọ̀rí, ó jẹ́ agbòjò. Igbá kékeré kan wọlé: mo da gàrí àti ẹ̀pà sínú rẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú sáàárín, bí mo bá jẹ ẹ́ tán, ó di igbá omi. Mo mú okùn díẹ̀, mo mú orín. Bùbá kejì ńkọ́? Mo wọ̀ ọ́ lé àkọ́kọ́ lórí, nítorí pé aṣọ tí ó wà lára kì í ṣe ẹrù.

Bàbá Okùn gbé àpò náà, wọ́n rìn. Ẹ̀kọ mì díẹ̀, ó rò ó, ó jókòó padà. Wọ́n ní, “Wọlé.”

A kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi igbá mi bu omi odò mu, mo jùwọ́ sí ibi tí wọ́n ti já mi sílẹ̀. A kọjá Ìlọrin. A kọjá odò ńlá ní Jẹ́bà. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni o, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. A dé orí afárá onípákó kan tí ó kọjá odò kékeré kan. Iwájú ọkọ̀ ti fẹ́ẹ̀ dé òdì kejì nígbà tí pákó kan kán lábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí ń gbọ́ àṣírí.

Ẹrù ọkọ̀ kò mì o. Ó ti sùn. Bí ẹrù yẹn bá jí ni, gbogbo wa ni ẹja ì bá jẹ.

Dẹ̀rẹ́bà pariwo pé kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ rọra, kí wọ́n rìn kọjá. Omi ti ń gun orí pákó. Bàbá Okùn gun òkè láti dẹ okùn, kí a lè já obì sílẹ̀, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, ó wọ àárín pákó méjì, ó rọ́. Wọ́n jókòó sínú omi, wọn kò lè dìde.

“Ẹ gbé Bàbá o!” ni èrò kan ń ké.

“Ìwọ gbé wọn! Ta ni yóò bá mi gbé agbọ̀n mi?”

“Ọwọ́ mi kún!”

“Tèmi náà kún!”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni kan ru àpótí, ó tún fa àpò. Ẹni kan pọ̀n ọmọ, ó ru ìkòkò. Ẹni kan gbé mátírẹ́ẹ̀sì tí omi ti mu yó. Èmi nìkan ni mo dúró níbẹ̀ tí ọwọ́ mi kan ń fì bí ọwọ́ ẹni tí kò níṣẹ́. Mo fa aṣọ ìbora yọ, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú ọ̀gá mi, mo pọ̀n wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pọ̀n wọ́n bí ọmọ, mo fi aṣọ ìbora ṣe ọ̀já, mo fi okùn dì í. Ọwọ́ kan gbé àpò, ọwọ́ kejì di igi afárá mú.

“Làsísì, ẹsẹ̀ òsì rẹ ń mì.”

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́. Ẹrù tí ó bá ń sọ̀rọ̀ kò tíì sùn.”

Wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, nínú gbogbo ìgbà tí mo bá ọ̀gá mi gbé, ìgbà yẹn nìkan ni ó jẹ́ pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

A dé òdì kejì. Òjò ti mu wọ́n dé egungun, eyín wọn ń lu ara wọn. Wọ́n wo bùbá tí mo fi sábẹ́, èyí tí kò rin púpọ̀.

“Làsísì, bùbá méjì ni o wọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ọ̀kan á tó ọ.”

“Bàbá, ṣé ẹ ń tọrọ ni?”

Wọ́n wo odò. Wọ́n wo àwọn èrò. “Mo kàn ń sọ̀rọ̀ aṣọ ni.”

“Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ, aṣọ náà ń gbọ́ yín.”

Òtútù tún gbá wọn. “Ó dáa, mo tọrọ!” Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tí mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ti bá odò lọ. Mo bọ́ bùbá fún wọn. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà bá wa fi igi gbé táyà sókè, ọkọ̀ sì jáde. Ọjọ́ kejì ni a tó wọ Kánò.

Bàbá Àkànbí ti di arúgbó. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo sì la ẹnu. Mo kì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo kì wọ́n bí ìyá wọn ti ń kì wọ́n. Wọn kò sọ pé kí n dìde. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Tún un kì, Àdìsá. Tún un kì.” N kò rò pé wọn ì bá sunkún nítorí iṣu méjì.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ ni ó di wàhálà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ó padà, Bàbá Àkànbí kó àpò àlùbọ́sà kan jáde, wọ́n kó àpò ẹ̀pà kan tẹ̀ lé e, wọ́n gbé tìmùtìmù aláwọ, wọ́n sì fa àgbò kan tí ìwo rẹ̀ ká bí okùn tuntun. “Gbogbo rẹ̀ ni tìrẹ. Ọmọ mi kì í fi ọwọ́ òfo kúrò nílé mi.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé, wọ́n ń mu fúrá, ojú wọn kò kúrò lára mi. Bí mo bá gbé e, òmìnira lọ, Ṣìfáwù lọ. Bí mo bá kọ̀ ọ́, mo ti tàbùkù àgbàlagbà. Mo wo àlùbọ́sà, mo wo ẹ̀pà, mo wo tìmùtìmù. Mo wá rí i pé nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan ni ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Mo ní, “Bàbá, Iléyá ń bọ̀. Àgbò yìí nìkan ti tó mi, ó tó ìran mi. Ìyókù, ẹ bá mi fi ṣe sàárà.” Inú wọn dùn, wọ́n gbàdúà fún mi.

Bàbá Okùn gbé igbá ẹ̀kọ lé mi lọ́wọ́. “Ẹsẹ̀ mi kò gbà mí. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò rìn. Mò ń wò ọ́.”

Ẹ̀kọ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àpò wà lọ́wọ́ òsì. Mo so okùn àgbò mọ́ ìbàdí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sídìí ọkọ̀, rọra, bí ẹni tí ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀. Àgbò náà ń tẹ̀ lé mi, oníwà tútù. A ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀ nígbà tí ó gbóòórùn ẹ̀kọ. Ó fà mí, mo dúró. Ó tún fà mí, mo le ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá yípo mi, ó gbé orí sókè, ó ti ẹnu bọ inú igbá, ó sì mu gbogbo rẹ̀. Ó lá ìdí igbá. Ó wo ọ̀gá mi.

Mo ń wo ilẹ̀ bóyá ẹ̀kọ ta síbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ.

Bàbá Okùn fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo igbá, wọ́n wo irùngbọ̀n àgbò. Mo rí i pé ẹ̀rín ń dààmú wọn níkùn.

“Ẹ̀kọ kò ta sílẹ̀,” ni wọ́n wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àgbò yìí ńkọ́? Ṣé ẹrù ni?”

“Nǹkan tí ó bá ní ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹrù. Èrò ni. Kí ó wọlé kí ó jókòó.”

Nígbà tí a dé Ẹdẹ, iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni wọ́n ní kí dẹ̀rẹ́bà dúró sí. Wọ́n pe Bàbá Ṣìfáwù jáde, wọ́n di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo gáréèjì. Wọ́n ní, “Èyí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi mọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá, wọ́n ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń da àwọn ọmọ láàmú pẹ̀lú ẹrù ọwọ́ kan. Kì í ṣe nítorí ọwọ́ tí ó gbé ẹrù. Nítorí ọwọ́ kejì ni. Gbogbo èrò tí ó wà lórí afárá ni ó ní ọwọ́ méjì, ti Làsísì nìkan ni ó ṣófo, òun ni mo fi wà láàyè.”

Akọ̀wé kòkó wà níbẹ̀ o, ó ń fi bẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣeré. Mo fa àgbò sọ̀ kalẹ̀, mo fi okùn rẹ̀ lé Bàbá Ṣìfáwù lọ́wọ́. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo àgbò. Wọ́n ní, “A kì í fi kẹ̀kẹ́ ṣe Iléyá.”

Bí mo ṣe fẹ́ Ṣìfáwù nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹrù ìyàwó, ẹ bá mi dárò. Abọ́ tánńganran, ìkòkò, àpótí aṣọ, odó, ọlọ, ẹní: ọkọ̀ kan kò gbà á. Èmi ni mo tò ó, Bàbá Okùn fi etí gbọ́ ọ, wọ́n ní, “Làsísì, ẹrù ti sùn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ kò ní jẹ́ kí o sùn.”

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣe ọ̀gá títí. Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Bọ́lẹ̀kájà lọ, bọ́ọ̀sì dé, ẹrù sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ wọ inú bùútù. Okùn lọ, rọ́bà tí ó ní ìkọ́ dé. Kò mọ bí ènìyàn ṣe ń so nǹkan, ó kàn mọ bí a ṣe ń ta báni lójú. Gáná-máa-lọ dé, àpò tí kò mọ̀ pé òun ti yó. Nígbà tí àwọn ọmọ poli bẹ̀rẹ̀ sí í fa àpótí onítáyà wọ gáréèjì, mo ní kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún Bàbá Okùn. Bí wọ́n bá rí i, èrò ni wọn ì bá pè é, wọn ì bá fún un ní àyè ìjókòó.

Bí ẹ bá ń ronú iṣẹ́, n kò ní kí ẹ di adirù. Ọkọ̀ ti ń di ara rẹ̀ lẹ́rù báyìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ bi ohun tí ẹ ń kó dání léèrè iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ kan ṣófo. Ẹ kò mọ odò tí ń bẹ níwájú.

Lóṣù tó kọjá, a lọ kí ọmọ wa tí ó bímọ ní Àbújá. Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò kan, aṣọ ìbora àti igbá mi wà nínú rẹ̀. Ṣìfáwù kó àpò mẹ́fà jáde, èlùbọ́, gàrí, epo, iṣu, ìrù, òmíràn n kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kígbe.

“Ṣìfáwù, adìẹ ni yẹn?”

“Ìyá ìkókó gbọ́dọ̀ mu omi ọbẹ̀. Ṣé ọwọ́ òfo ni kí n fi lọ bá ọmọ mi? Wá, bá mi gbé eléyìí. Ọwọ́ rẹ kan ṣófo.”

Mo gbé e. Láti ọjọ́ Iléyá yẹn, ẹ̀yin ọmọ, ọwọ́ kejì yìí kò tíì sinmi.